Ìrora Imú àti Imú Tí Ń Da Omi: Ohun Tí Ó Ń Fà Wọ́n àti Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí A Tọ Dókítà Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá ojú ti bá imú. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìbátan nìkan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara wa rí. Ọ̀nà tóóró kan wà tí ó ti kọ̀rọ̀ ojú wọ inú imú lọ. Ọ̀nà yìí ni omijé ń gbà, ìdí sì nìyí tí imú ẹni tí ń sunkún fi máa ń da omi. Ọ̀nà mìíràn so ẹ̀yìn imú mọ́ etí, òmíràn sì so ó mọ́ ọ̀fun. Nítorí náà, bí imú bá ń ṣàìsàn, ojú, etí, ọ̀fun àti orí pàápàá a máa bá a pín nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, àìsàn imú wà lára àwọn àìsàn tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Bí ọmọ bá ń sín, tí ikun ń dà ní imú rẹ̀, ohun tí a máa ń sọ ni pé ọ̀fìnkìn lásán ni. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni: ọ̀fìnkìn lásán ni, yóò sì lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé èéyi ni ó ń bọ̀, tàbí tí ó jẹ́ pé ọmọ náà ti ki ẹ̀wà bọ imú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí kan wà tí wọ́n ń ná owó oúnjẹ sórí kápúsù tí kò lè wo ọ̀fìnkìn rárá. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún ẹ̀yin olùgbé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí olúkúlùkù lè mọ èyí tí ó yẹ kí ó fi sùúrù wò àti èyí tí kò gba ìdádúró.

Iṣẹ́ tí imú ń ṣe

Kí afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú tó dé ẹ̀dọ̀fóró, imú ni ó kọ́kọ́ ń gbà á lálejò. Irun tí ó wà ní ẹnu ihò imú ń mú eruku tí ó tóbi. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo inú imú, òun ni ó sì ń mú kí afẹ́fẹ́ tútù lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó sì ń fi omi sí afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Awọ yìí kan náà ni ó ń ṣe ikun. Ikun kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọ̀kan nínú àwọn ohun ìjà ara ni. Eruku kéékèèké àti kòkòrò àrùn a máa lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹyẹ ti ń lẹ̀ mọ́ àtè. Àwọn irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí a wá máa gbá ikun náà lọ sí ẹ̀yìn ọ̀fun, níbi tí a ti ń gbé e mì láìfura, tí omi kíkan inú ikùn yóò sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀.

Bí ohunkóhun bá yọ awọ yìí lẹ́nu, nǹkan mẹ́ta ni ó máa ń ṣẹlẹ̀. Awọ náà a wú, imú a sì dí. Ikun a pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, imú a sì máa da omi. Awọ náà a di ẹlẹ́gẹ́, a máa yúnni, a máa múni sín, tàbí kí ó máa dunni. Àmì kan náà ni ohun púpọ̀ máa ń mú wá, nítorí náà kò tó kí a wo imú nìkan. A ní láti wo ohun tí ó bá a rìn: ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ibi tí a wà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bóyá ihò imú kan ni tàbí méjèèjì, àti bóyá ara gbóná.

Ọ̀fìnkìn, àgbà nínú gbogbo wọn

Ọ̀fìnkìn ni ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ń mú imú da omi. Kòkòrò àrùn tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Irú fáírọ́ọ̀sì tí ó lè fa ọ̀fìnkìn ju 200 lọ, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni rhinovirus. Nítorí pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí ara bá ti mọ bí a ti ń bá ọ̀kan jà, òmíràn ṣì lè dé. Àgbàlagbà lè ní ọ̀fìnkìn ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Ọmọdé lè ní in ní ẹ̀ẹ̀mẹfà sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ, pàápàá ní ọdún tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, kí èyí má sì jẹ́ àmì pé ara rẹ̀ kò dára.

Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta tí kòkòrò náà bá wọlé ni ọ̀fun yóò bẹ̀rẹ̀ sí yúnni. Lẹ́yìn náà ni sísín, omi imú tí ó mọ́ gaara, imú dídí àti ikọ́ díẹ̀ yóò tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ni ó máa ń le jù. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bọ́ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ lè pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lọ pátápátá. Imú lè máa dùn ní àkókò yìí nítorí fífun ún lemọ́lemọ́, tí awọ ẹnu ihò rẹ̀ bá ti bó.

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ nípa ọ̀fìnkìn. Èkíní ni pé òjò tàbí omi tútù ni ó ń fà á. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, a máa ń kóra jọ sínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀, èémí ẹnìkan a sì di èémí gbogbo wa. Èkejì ni pé bí ikun bá ti yí padà sí àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ewé, a gbọ́dọ̀ lo oògùn apakòkòrò. Àwọ̀ náà lè wá láti ara àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti bá àrùn jà. Ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fìnkìn lásán ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, àwọ̀ nìkan kò sì tó láti fi dájọ́. Oògùn apakòkòrò kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Bí a bá ń lò ó nígbà tí kò yẹ, ńṣe ni a ń kọ́ àwọn kòkòrò mìíràn tí ń gbé lára wa bí a ti ń borí oògùn náà, débi pé lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ lóòótọ́, kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́.

Ọyẹ́, eruku àti èéfín

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì tàbí ìkẹta, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń gbé wá ni ó ń kó láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí eruku ti ń jáde jù lọ ní gbogbo ayé. Àwọn ará wa ní Òkè-Ògùn, ní Ṣakí, Kìṣí àti Ìgbòho, mọ̀ bí ọyẹ́ ti ń mú ní òwúrọ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ikun fi ń gbẹ sínú imú, tí ó ń di èépá, tí awọ inú imú sì ń sán bí ètè ti ń sán. Bí a bá fi èékánná họ èépá náà, ẹ̀jẹ̀ a yọ, ọgbẹ́ a dé, ìrora a sì tẹ̀ lé e.

Fún èyí, omi mímu déédéé ṣe pàtàkì. A lè fi faselíìnì tàbí òrí díẹ̀ pa ẹnu ihò imú láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn baba ńlá wa ti ń lo òrí fún imú dídí tipẹ́tipẹ́, ìwádìí kékeré kan tí A. Tella tẹ̀ jáde ní 1979 sì fi hàn pé òrí ń ran imú dídí lọ́wọ́ láti là. Ẹnu ihò imú ni a ó fi í pa o; kí a má ṣe yọ́ ọ kán sínú imú, pàápàá imú ọmọ ọwọ́, nítorí pé ohun olóròóró tí ó bá ṣàn dé ẹ̀dọ̀fóró lè dá àìsàn sílẹ̀ níbẹ̀.

Eruku iṣẹ́ àti èéfín kì í dúró de ìgbà ọyẹ́. Ẹni tí ń la pákó, ẹni tí ń po símẹ́ńtì, ẹni tí ń pò ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì, ẹni tí ń fọ́n ọ̀dà sára ọkọ̀, àti àwọn ìyá wa tí ń yan gàrí nínú èéfín igi, gbogbo wọn ni imú wọn lè máa da omi tàbí kí ó máa ta wọ́n. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé ara a máa tù wọ́n lọ́jọ́ ìsinmi, a sì tún padà bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa fi ohun ìbomú tí ó bá ojú mu dáadáa ṣiṣẹ́, kí ó gbé ààrò sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ó sì bu omi díẹ̀ wọ́n ilẹ̀ kí ó tó gbá a. Sìgá, áṣáà fífà símú, kọ́ìlì ẹ̀fọn àti oògùn ẹ̀fọn tí a fọ́n sínú yàrá tí a tì pa wà nínú àwọn ohun tí ń ba awọ inú imú jẹ́. Ní ti jẹnẹrétọ̀, kí ó má ṣe sí nínú ilé tàbí lẹ́bàá fèrèsé rárá. Èyí tí ó ń ta imú nínú èéfín rẹ̀ kọ́ ni ó burú jù. Gáàsì kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní òórùn, òun ni ó ń pa ènìyàn lójú oorun.

Nígbà tí ara bá kọ nǹkan

Àwọn ènìyàn kan wà tí imú wọn máa ń da omi bí omi òjò láìsí kòkòrò àrùn kankan. Wọ́n á sín léraléra, imú á máa yún wọn, ojú á pọ́n, á sì máa ṣomi. Ara wọn kì í gbóná. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀. Ohun tí ó ń ṣe wọ́n ni pé ara wọn kọ ohun kan tí kò ṣe ẹlòmíràn ní nǹkankan, ó sì ń bá ohun náà jà bí ẹni pé ọ̀tá ni. Ó sábà máa ń wà nínú ìdílé, àwọn tí wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ara yíyún sì máa ń ní in pẹ̀lú.

Lára ohun tí ara sábà máa ń kọ̀ ni àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń gbé inú eruku bẹ́ẹ̀dì, tìmùtìmù àti kápẹ́ẹ̀tì, ìgbẹ́ aáyán, irun ológbò àti ti ajá, èbu tí ó ń hù lára ògiri tí òjò ń wọ̀, àti lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó. Bí imú ẹnìkan bá ń da omi ní gbogbo òwúrọ̀ tí ó bá ti jí, tí ó sì ń dákẹ́ bí ó bá ti jáde nílé, kí ó kọ́kọ́ wo ibùsùn rẹ̀. Kí a máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a sá a sí oòrùn, kí a fi aṣọ tútù nu eruku dípò kí a fi ìgbálẹ̀ gbọ̀n ọ́n, kí a tún òrùlé tí ń jò ṣe, kí a má sì fi oúnjẹ sílẹ̀ fún aáyán. Oògùn wà fún àìsàn yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí a béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí apoògùn. Piriton àti irú rẹ̀ máa ń múni tòògbé, nítorí náà kò yẹ kí awakọ̀, ọlọ́kadà tàbí ẹni tí ń lo ẹ̀rọ mu ún kí ó tó lọ síbi iṣẹ́.

Àwọn aláboyún pàápàá lè rí i pé imú wọn ń dí láìsí ọ̀fìnkìn. Ìyípadà tí oyún ń mú bá ara ni ó ń fà á, ó sì máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ. Kí wọ́n má ṣe lo oògùn kankan fún un láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún àwọn tí ń tọ́jú oyún wọn.

Ìrora tí ó gba iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́

Àwọn ihò kan wà nínú egungun ojú wa, ní iwájú orí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àti lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú wọn, ojú ihò tóóró ni wọ́n sì fi ṣí sínú imú. Bí ọ̀fìnkìn tàbí ohun tí ara kọ̀ bá mú kí ojú ihò wọ̀nyí wú pa, ikun a há sínú wọn. Nígbà náà ni ojú yóò wúwo, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí iwájú orí yóò máa dunni, pàápàá bí a bá tẹ̀ba. Eyín òkè lè máa dunni bí ẹni pé ó ti jẹrà, a kì í sì í gbọ́ òórùn ọbẹ̀ dáadáa.

Púpọ̀ nínú èyí náà ni yóò lọ fúnra rẹ̀. Àmì mẹ́ta ni ó lè fi hàn pé kòkòrò tí oògùn apakòkòrò lè pa ti wọ̀ ọ́: bí ó bá ti ju ọjọ́ 10 lọ láìsàn; bí ara bá ti ń yá tẹ́lẹ̀ tí àìsàn náà tún wá padà pẹ̀lú agbára; tàbí bí ara bá gbóná gan-an, tí ikun bí ọyún ń jáde, tí ojú sì ń dunni fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra. Dókítà ni yóò sọ oògùn tí ó yẹ àti iye ọjọ́ tí a ó fi lò ó. Ẹni tí ó ń ní irú ìrora yìí lemọ́lemọ́ lè ní ẹran tí ó hù nínú imú, tàbí kí egungun tí ó pín imú sí méjì ti wọ́. Àyẹ̀wò ni yóò fi í hàn.

Eéwo, ọgbẹ́ àti ìjàǹbá

Bí ìrora bá wà ní ojú kan ṣoṣo nínú imú, tí ibẹ̀ wú tí ó sì pọ́n, ó lè jẹ́ eéwo tí ó yọ ní ìdí irun imú. Fífa irun imú tu àti títọwọ́ bọ imú ni ó sábà máa ń fà á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà ní agbègbè imú àti ètè òkè ní ọ̀nà tí ó so wọ́n mọ́ inú agbárí, ọyún tí a bá sì tì padà lè bá ọ̀nà náà lọ. Aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí a máa fi kàn án. Bí ara bá gbóná, bí ojú bá wú, tàbí bí kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Ẹni tí ó ṣubú lórí ọ̀kadà, tàbí tí bọ́ọ̀lù gbá ní imú, lè rí i pé imú òun wú. Bí imú rẹ̀ bá dí pa lójijì lẹ́yìn náà, tí ìrora sì ń pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ lè ti pọ̀ sí abẹ́ awọ egungun àárín imú. Kí dókítà rí i lọ́jọ́ náà gan-an, kí egungun náà má baà bàjẹ́. Bí omi tí ó mọ́ gaara bá sì ń sun láti ihò imú kan lẹ́yìn tí ènìyàn fi orí gbá nǹkan, kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Ó lè jẹ́ omi tí ó yí ọpọlọ ká ni ó ń jò.

Bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ni a ti kọ́ láti gbé orí sókè. Kò tọ̀nà, nítorí pé ọ̀fun ni ẹ̀jẹ̀ náà yóò máa dà sí. Kí ẹni náà jókòó, kí ó tẹ orí síwájú díẹ̀, kí ó fi ìka méjì fún ibi tí ó rọ̀ lára imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 láìtú u sílẹ̀, kí ó sì máa fi ẹnu mí. Bí kò bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àgbàlagbà tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́ ní láti yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò.

Ohun tí ọmọdé ki bọ imú

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ikun tí ó ń rùn bá ń dà láti ihò imú kan ṣoṣo, tí ihò kejì sì mọ́, ẹ kọ́kọ́ fura pé ọmọ náà ti ki nǹkan bọ ọ́. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, àgbàdo, ìlẹ̀kẹ̀, bébà àti fóòmù tí wọ́n já lára bẹ́ẹ̀dì ni ó wọ́pọ̀. Ọmọ kì í sábà sọ, nítorí ìbẹ̀rù. Ẹ̀wà a máa fa omi, a sì wú sínú imú. Èyí tí ó léwu jù ni bátìrì pẹlẹbẹ tí ó wà nínú aago, rìmóòtù àti ohun ìṣeré ọmọdé. Láàárín wákàtí díẹ̀ péré ni ó lè jó awọ imú, kí ó sì dá ihò sí egungun àárín rẹ̀. Ẹ má ṣe fi píìnì, irun orí àgbàdo, igi etí tàbí ìka yọ ọ́, kí ẹ má baà tì í wọlé síwájú sí i. Ẹ má sì lu ọmọ náà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bó bá sì jẹ́ bátìrì ni, kí ó jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ọ̀fìnkìn kì í ṣe ọ̀fìnkìn

Èéyi máa ń gbé ìrísí ọ̀fìnkìn wọlé. Ara ọmọ a gbóná gan-an, ikọ́ a dé, imú a da omi, ojú a pọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn èyí ni èéyi yóò tó sú sí ojú, tí yóò sì tàn dé gbogbo ara. Kí ó tó sú rárá ni ọmọ náà ti lè kó o ran àwọn mìíràn, láti bí ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Èéyi lè fọ́ ọmọ lójú, ó lè bá ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ jà, ó sì lè pa á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò tí a ní: ọmọ gbọ́dọ̀ gba èkíní ní oṣù 9, kí ó sì gba èkejì ní oṣù 15. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń gbàgbé èkejì. Ọ̀fẹ́ ni ní àwọn ibùdó ìlera ìjọba.

Dífitéríà náà wà, tí ó tún yọjú lákọ̀tun ní orílẹ̀-èdè wa láti ìparí 2022. Ọ̀fun ríro, ọrùn wíwú, awọ eléérú tí ó bo ọ̀nà ọ̀fun, àti omi imú tí ẹ̀jẹ̀ dà pọ̀ mọ́ jẹ́ lára àmì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni ó ń dènà rẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ara rẹ̀ gbóná lójijì, tí gbogbo oríkèé ń ro ó, tàbí tí kò gbọ́ òórùn mọ́, lè ní àrùn fílù tàbí COVID-19. Kí ó dúró sílé, kí ó má sì súnmọ́ àwọn àgbàlagbà, aláboyún àti ọmọ tuntun.

Ìtọ́jú nílé

Fún ọ̀fìnkìn lásán, ìsinmi, omi mímu àti oúnjẹ gbígbóná ni olórí ìtọ́jú. Parasitámọ́ọ̀lù lè dín ìrora àti ara gbígbóná kù, bí a bá lò ó ní ìwọ̀n tí ó wà lára páálí rẹ̀. Kí a má ṣe fún ọmọdé ní aspirin. Omi iyọ̀ dára fún imú dídí: kí a se omi kí ó hó, kí a jẹ́ kí ó tútù, kí a fi ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife kan, kí a sì máa kán an sí imú. Kí a má ṣe lo omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ tí a kò sè. Oyin ṣíbí kan lè tu ikọ́ lójú, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin rárá.

Oògùn ìkán-sí-imú tí ń la imú dídí máa ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro rẹ̀ wà. Bí a bá lò ó ju ọjọ́ márùn-ún lọ, awọ imú á gbára lé e, imú á sì máa dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí oògùn náà bá ti kúrò lójú rẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní láti béèrè kí ó tó lo oògùn ọ̀fìnkìn èyíkéyìí, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ń mú ìfúnpá lọ sókè.

A mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó ń mú kí ìyá fi ẹnu fa ikun imú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò ẹnu ìyá a máa lọ sára ọmọ, ti ọmọ a sì máa wá sára ìyá. Kí a kán omi iyọ̀ díẹ̀ sí imú ọmọ náà, kí a sì fi rọ́bà ìfakun fà á jẹ́jẹ́. Kí a má ṣe fi róòbù tàbí ohun mìíràn tí ó ń ta sí imú tàbí abẹ́ imú ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, kí a má sì fi aṣọ bo ọmọ lórí ìkòkò omi gbígbóná. Omi gbígbóná ti bó ọ̀pọ̀ ọmọ ju bí ó ti la imú wọn lọ.

Ìgbà tí kò gbọdọ̀ sí ìdádúró

Ẹ lọ sí ibùdó ìlera tí ó súnmọ́ yín lójú ẹsẹ̀ bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí:

- Ọmọ tí ń mí kíákíá. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí kò sunkún: bí ó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 50 fún ọmọ oṣù méjì sí oṣù 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, ó lè jẹ́ òtútù àyà.
- Ọmọ tí ìhà rẹ̀ ń wọlé bí ó bá ń mí, tí kò lè mu ọmú, tí ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, tí gìrì mú, tàbí tí a kò lè jí dáadáa.
- Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná.
- Ojú tí ó wú tàbí tí ó yọ síta, ìríran tí ó dààmú, orí fífọ́ tí ó le, tàbí ọrùn tí ó gan.
- Omi imú tí ó mọ́ gaara lẹ́yìn ìjàǹbá orí.
- Ẹ̀jẹ̀ imú tí kò dá.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe ti ojú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó kọjá ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò: àgbàlagbà tí ihò imú rẹ̀ kan ṣoṣo ń dí tàbí tí ó ń da ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ìgbà, pàápàá bí kókó bá yọ sí ọrùn rẹ̀ tàbí bí etí rẹ̀ kan bá di. Jẹjẹrẹ kì í ṣe ohun tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òun ni, ìgbà tí a bá tètè rí i ni ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn.

Ibùdó ìlera alábọ́dé tí ó wà ní wọ́ọ̀dù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá gba akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nípa etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun, wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn UCH ní Ìbàdàn àti ti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ dání, kí ẹ sì mú páálí gbogbo oògùn tí ẹ ti lò, títí kan àgbo, kí dókítà lè mọ ohun tí ó ti wọ ara.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọwọ́ fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, sísín sí ìgbọ̀nwọ́ dípò àtẹ́lẹwọ́, fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ àti àjẹsára tí ó pé kò ná wa ní owó púpọ̀, wọ́n sì ń gba ọ̀pọ̀ wàhálà sílẹ̀ lórí wa. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ wo káàdì àjẹsára àwọn ọmọ yín. Bí àlàfo bá wà níwájú oṣù 9 tàbí oṣù 15, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ibùdó ìlera ní ọjọ́ àjẹsára tí ó bá kàn. Kò tíì pẹ́ jù.